Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ìwé Tó Ní Ẹ̀fà Ló Ń Ṣáájú Èje

Olùjẹ́jọ́ tí mo fà wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ènìyàn. Ìwé ni. Ìwé àlàyé ni, èyí tí àwọn tó ń kọ kernel máa ń ṣí bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Kernel yìí ni ọ̀gá nínú kọ̀ǹpútà: òun ló ń pín iṣẹ́ fún prósẹ́sọ̀, òun ló ń ṣọ́ mẹ́mórì, òun ló ń bá dísìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Ohun tí ìwé náà fẹ́ ṣàlàyé kò ju ìbéèrè kan lọ: bí prósẹ́sọ̀ kan bá kọ nǹkan méjì sí mẹ́mórì, èwo ni prósẹ́sọ̀ kejì yóò kọ́kọ́ rí? Ẹni tí kò tíì jẹ ìyà rẹ̀ rí yóò rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni? Àwọn baba wa ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ẹ̀rọ òde òní, èje lè ti dé ọjà kí ẹ̀fà tó jáde nílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà Gbági ní Ìbàdàn ṣe é. Ìyá kan tó ń ta aṣọ rán ọmọ méjì níṣẹ́. Ó ní kí Àkànní gbé ẹrù àǹkárá tuntun lọ sínú ìsọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí Àlàkẹ́ lọ gbé pátákó "Ọjà tuntun ti dé" kọ́ ẹnu ọ̀nà. Lójú ìyá, ẹrù ló ṣáájú pátákó. Ṣùgbọ́n Àkànní kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, Àlàkẹ́ sì gba ẹ̀bùrú. Oníbàárà rí pátákó, ó wọ inú ìsọ̀, aṣọ àná ló bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ìyá rán wọn bó ṣe yẹ, àwọn ọmọ jíṣẹ́, oníbàárà sì ti ra ohun tí kò yẹ kó rà.

Prósẹ́sọ̀ ni ìyá yẹn. Mẹ́mórì jìnnà sí i gan-an. Kí ohun kan ṣoṣo tó kọ tó débẹ̀, ì bá ti ṣe ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà ó ní àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ju ohun tó bá fẹ́ kọ sí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Compiler, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù wa di èdè ẹ̀rọ, náà kò jókòó lásán: bó bá rí i pé títún ìlà tò yóò mú kí iṣẹ́ yá, á tún un tò, kò ní bi ẹnikẹ́ni. Ní 1979 ni Leslie Lamport ti kọ ohun tí ọkàn ènìyàn ń retí sílẹ̀: kí ó dà bí ẹni pé gbogbo prósẹ́sọ̀ tò sórí ìlà kan ṣoṣo níwájú mẹ́mórì, kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀ bó ṣe tò ó. Àwọn ẹ̀rọ tí a ń rà lọ́jà kò ṣèlérí ìyẹn fún wa. Ohun tí wọ́n fún wa dípò rẹ̀ ni ìdènà mẹ́mórì, àṣẹ tí ẹni tó ń kọ kóòdù yóò fi sáàárín iṣẹ́ méjì, pé Àlàkẹ́ kò gbọdọ̀ gbé pátákó kọ́ àfi bí ẹrù Àkànní bá ti wà nílẹ̀. Ibi tó yẹ kí ìdènà wà, irú èyí tó yẹ kó jẹ́, ìgbà tí kò pọn dandan: iṣẹ́ ìwé àlàyé nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ̀sùn kàn án.

Olùjẹ́jọ́ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni mo mú ní pàtàkì. Ọ̀kan ni ìwé ńlá tí Intel ń tẹ̀ jáde nípa prósẹ́sọ̀ rẹ̀. Èkejì ni fáìlì kan nínú kernel Linux tó ń jẹ́ memory-barriers.txt, tí David Howells kọ́kọ́ kọ ní 2006, tí Paul McKenney, Will Deacon àti Peter Zijlstra sì bá a dá sí lẹ́yìn náà. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ìlà lọ. Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ wọ́n mọṣẹ́ jù mí lọ fíìfíì. Bí ìwé òpè bá ṣi ènìyàn lọ́nà, ẹni tó tẹ̀ lé e ló ni ẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ìwé ọ̀gá ńkọ́?

Ẹ̀sùn kìíní: ìwé Intel ń pa àlọ́ níbi tó yẹ kó ti sọ òfin.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kọkànlá ọdún 1999. Àwọn tó ń kọ Linux ń jiyàn lórí àṣẹ ẹyọ kan. Nínú kernel, bí prósẹ́sọ̀ bá fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ẹlòmíràn náà lè fọwọ́ kàn, á kọ́kọ́ fi àgádágodo tì í. Bó bá ṣe tán, á ṣí i. Àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣí àgádágodo yìí lórí prósẹ́sọ̀ Intel jẹ́ olówó gọbọi, nítorí ó ń dá ẹ̀rọ dúró títí gbogbo ohun tó wà nínú àpò yóò fi dé mẹ́mórì. Ó ń gba nǹkan bí ìṣísẹ̀ aago 22. Ẹnìkan wá béèrè pé, bí a bá kàn kọ òdo sí i lásán ńkọ́, èyí tí kò ní ju ìṣísẹ̀ 1 lọ? Wọ́n dán an wò, iṣẹ́ yá sí i. Linus Torvalds fúnra rẹ̀, baba Linux, fàáké kọ́rí pé kò lè ṣiṣẹ́, pé ọjọ́ kan ni yóò dojú ti gbogbo wọn. Àwọn mìíràn ka ìlà kan nínú ìwé Intel láti gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn kan tún ka ìlà mìíràn nínú ìwé kan náà láti takò ó. Ọ̀rọ̀ gùn títí wọ oṣù kejìlá. Ohun tó parí rẹ̀ ni pé ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel jáde sọ pé ó tọ́, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Torvalds gbà, ó yí ọ̀rọ̀ padà. (Ó ṣì ku ẹran nínú awo: àwọn Pentium Pro kan ní àléébù tiwọn, èyí tó mú kí Linux tọ́jú ọ̀nà olówó gọbọi yẹn fún wọn títí di 2018.)

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe pé àgbà ṣìnà. Àgbà ń ṣìnà. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé kan náà wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ojú wọn sì ríran, síbẹ̀ ìwé náà fi apá ọ̀tún dá ẹjọ́ fún ẹnì kan, ó fi apá òsì dá a fún èkejì. Bí ìdáhùn kò bá lè ti inú ìwé wá, bí ó bá di dandan kí ẹnìkan mọ ẹnìkan nínú ilé-iṣẹ́ kó tó mọ òótọ́, kí ni ìwé wà fún?

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ní 2007, Intel gbọ́ igbe àwọn ènìyàn, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ìtẹ̀léra mẹ́mórì: ìlànà 8, àpẹẹrẹ 10. Ó dára lójú. Ó ṣe kedere. Ó sì kéde pé ohun kan kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, nígbà tó jẹ́ pé ohun náà ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí Intel fúnra rẹ̀ ń tà.

Ẹ ní sùúrù kí n ṣe é fún yín. Òdo ni x, òdo ni y. Prósẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ kọ 1 sí x, ó ka x padà, lẹ́yìn náà ó ka y. Prósẹ́sọ̀ kejì kọ 2 sí y, lẹ́yìn náà ó kọ 2 sí x. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n wo x, 1 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé 2 ti kejì ló kọ́kọ́ dé, 1 ti àkọ́kọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, 2 tí kejì kọ sí y ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn pàápàá. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí àkọ́kọ́, tó ti ka 1 ti ara rẹ̀ ní x, ka òdo ní y? Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà 8 yẹn, kò ṣeé ṣe rárá. Paul Loewenstein ló gbé àpẹẹrẹ náà kalẹ̀. Peter Sewell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge sì rí i pé ẹ̀rọ gidi ń ṣe é. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kò ṣòro: àkọ́kọ́ ju 1 sínú àpò, ó yọjú wo inú àpò tirẹ̀, ó ka 1, ó ka y nígbà tí y ṣì jẹ́ òdo. Kejì dé, ó kọ méjèèjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àkọ́kọ́ tó tú àpò rẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà lè ka lẹ́tà náà láti inú àpò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kọ ọ́.

Ìlànà 8, kò sí èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń ka lẹ́tà ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Intel tún ìwé náà ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, Sewell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ òfin kan tó ṣeé fi ìṣirò yẹ̀ wò, wọ́n pè é ní x86-TSO (x86 ni orúkọ irú prósẹ́sọ̀ tí Intel ń ṣe). Ní 2010 wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Òfin náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín ní ẹ̀mí kan: prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò, ohun tó kọ́kọ́ wọ àpò ló ń kọ́kọ́ jáde, oní-nǹkan lè ka ti inú àpò tirẹ̀, ìdènà ńlá sì ń tú àpò. Ó tán. Láti ìgbà wo ni ó ti yẹ kí wọ́n kọ ìyẹn?

Ẹ̀sùn kẹta kan memory-barriers.txt gan-an, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ló ti bà mí nínú jẹ́ jù. Ìwé náà ṣe àlàyé ìtẹ̀léra láàárín prósẹ́sọ̀ àti prósẹ́sọ̀, ó sì ń gbàgbé pé ẹlòmíràn jókòó sáàárín.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "bí". Bí mo bá ka a, tí mo sì wí pé bí a kì í bá ṣe òdo kí a kọ 1 sí b, prósẹ́sọ̀ kò lè kọ b síta kó tó mọ ohun tó wà nínú a. Prósẹ́sọ̀ máa ń méfò, lóòótọ́: ó lè kà ṣáájú kó tó mọ̀ bóyá ó yẹ kó kà. Ṣùgbọ́n kì í kọ ohun tó méfò síta kí ayé rí i. Ìwé ní, nítorí náà, a kò nílò ìdènà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́! Gbogbo ẹni tó fẹ́ kí kernel yára fò mọ́ ọn. Òótọ́ sì ni, bí ó bá jẹ́ prósẹ́sọ̀ nìkan ló wà láyé.

Compiler kò mọ nǹkan kan nípa "bí" tí o fi ń wá ìtẹ̀léra. Lójú tirẹ̀, "bí" jẹ́ ìbéèrè, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá sì yí nǹkan kan padà, jíjù ni í jù ú nù. Ká ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ti "bí" àti ti "bí bẹ́ẹ̀ kọ́", ló ń kọ 1 sí b. Compiler á ní, èéṣe tí mo fi ń béèrè nígbà náà? Á gbé kíkọ b lọ sókè, ó ti kúrò lábẹ́ "bí". Tàbí ká ní ìbéèrè rẹ ni pé, bí a bá pín a sí ọ̀nà MAX, ṣé nǹkan yóò ṣẹ́kù? Ẹnìkan tí o kò mọ̀ rí, nínú fáìlì tí o kò ṣí rí, sọ MAX di 1. Nọ́ńbà wo ni a pín sí ọ̀nà 1 tí nǹkan ṣẹ́kù rí? Compiler mọ ìyẹn kí o tó lanu. Ó pa ìbéèrè rẹ́, ó pa ìtẹ̀léra rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kóòdù tìrẹ kò yí padà. Ẹ̀rọ kò yí padà. Nọ́ńbà kan ló yí padà níbi tó jìnnà.

Àwọn tó ni ìwé náà rí i. Wọ́n fi ìkìlọ̀ kan kún un, wọ́n fi òmíràn kún un, títí apá yẹn fi dà bí aṣọ alágbe: ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ méjì tó jọra, ẹ ṣọ́ra fún MAX, ẹ ṣọ́ra fún "tàbí" tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nígbà gbogbo, ẹ má gbàgbé pé ohun tó bá wà lẹ́yìn "bí" kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀, ẹ má gbàgbé pé kíkà tó tẹ̀ lé kíkà kò ní ààbò kankan. Ní ìkẹyìn wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé compiler kò mọ irú ìtẹ̀léra yìí, pé iṣẹ́ tìrẹ ni láti rí i pé kò bà á jẹ́. Mo kí wọn fún òótọ́ inú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ìwé náà nígbà tí ìkìlọ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan, ta ló lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ fún un pé wọ́n ti di márùn-ún?

Mo ti jẹ nínú ìyà ìwé tó ń ṣini lọ́nà. Ìwé kan tí ẹnìkan kọ láti fi kọ́ni, tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, ni mo tẹ̀ lé ní ìlà dé ìlà. Kóòdù mi ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù fún ọ̀sẹ̀ kan láìṣe wàhálà. Mo gbé e sórí fóònù, ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n sa oògùn sí: ìgbà ẹgbẹ̀rún á ṣiṣẹ́, ìgbà kan á ka aṣọ àná. Láptọ́ọ̀pù mi, x86 ni. Lórí rẹ̀, kíkọ àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ kí kíkọ kejì ṣáájú òun láéláé, ohun kan ṣoṣo tí ó gbà kó yí ipò padà ni kíkà tó bá tẹ̀ lé kíkọ. Fóònù, ARM ni, ARM sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ láyè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ARM ló wà nínú fóònù tó wà lápò gbogbo wa, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS tó ń lo Android, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta. Kernel Linux ló sì wà lábẹ́ Android. Àwa tó ń kọ kóòdù lórí x86 fún ẹni tó ń lo ARM, ẹ̀rọ tí a fi ń dán iṣẹ́ wò kò ní àléébù tí a ń wá. Ìwé nìkan ni ojú tí a ní.

Ẹ̀sùn kẹrin: ó mú àṣà ilé kan, ó sọ ọ́ di òfin ìlú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni memory-barriers.txt fi ń wí pé bí o bá ṣí àgádágodo kan, tí o sì ti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, méjèèjì pọ̀ jẹ́ ìdènà kíkún. Lórí x86, òótọ́ ni. Lórí POWER tí IBM ń ṣe, àwọn àṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó tó fún àgádágodo kò tó fún ìlérí yẹn. Ní ìparí 2013 ni wọ́n kà á dáadáa nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ irú àgádágodo tí Linux ń lò, ni wọ́n bá rí i pé ìlérí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n dá ìdènà tuntun sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní tòótọ́, smp_mb__after_unlock_lock(), orúkọ tó gùn bí oríkì. Àwọn kóòdù tó ti gbára lé ìlérí àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n ní láti máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn karùn-ún, ti Alpha. Ilé-iṣẹ́ DEC ní Amẹ́ríkà gbé prósẹ́sọ̀ Alpha jáde ní 1992. Lórí rẹ̀, ohun kan wà tí kò sí níbòmíràn tí Linux ń gbé: o lè ka àdírẹ́sì ilé tuntun, kí o tẹ̀ lé àdírẹ́sì náà, kí o sì bá igbó níbẹ̀. Nínú àwọn Alpha kan ni èyí ti hàn, torí cache wọn, ìyẹn mẹ́mórì kékeré tó súnmọ́ prósẹ́sọ̀, pín sí méjì, apá kan lè ti gba ìròyìn tuntun kí èkejì tó gbọ́. Nítorí ẹ̀rọ kan yìí, ìwé kọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ kernel pé kí wọ́n máa fi smp_read_barrier_depends() sí ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ lé àdírẹ́sì. Lórí gbogbo ẹ̀rọ yòókù, kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ gbàgbé rẹ̀, àwọn kan fi í sí ibi tí kò yẹ, kò sì sí ẹni tó mọ̀, nítorí ta ló ní Alpha nílé? Ní 2018, nínú Linux 4.15, wọ́n ti ẹrù náà wọ inú àṣẹ kíkà tó ń jẹ́ READ_ONCE() kí Alpha máa gbé ẹrù ara rẹ̀. Ní 2020 wọ́n pa orúkọ náà rẹ́. Èyí gan-an ló yẹ kó ti wáyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní ìwà kò gbọdọ̀ fi ìwà rẹ̀ kọ́ gbogbo àdúgbò. Àwọn ìwé ìkọ́ni àtijọ́ ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní orúkọ yẹn di òní.

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀sùn keje kí n tó ka ìkẹfà. Kò sí ìdènà láàárín wọn.

Ẹ̀sùn keje kì í ṣe ti ìwé méjèèjì, ti àwọn ọmọ wọn ni, àwọn ìwé ìkọ́ni tó ń sọ pé ìdènà ń "fọ cache", tàbí pé ó ń mú kí ohun tí o kọ "hàn lójú ẹsẹ̀". Irọ́ ni. Cache àwọn prósẹ́sọ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí ìdènà. Wọ́n ní ìlànà ara wọn tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni èyí tó jẹ́ tuntun. Ìdènà kì í lé ọmọ pé kó sáré. Ẹni tó máa tẹ̀ lé ẹni ló ń sọ. Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń pani ni pé ẹni tó gbà á gbọ́ á fi ìdènà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ nìkan, á sì fọwọ́ lérán. Bí ìyá bá dá Àlàkẹ́ dúró títí Àkànní yóò fi dé, tí oníbàárà sì ti wo inú ìsọ̀ kó tó wo pátákó ńkọ́? Ẹni tó ń kà náà nílò ìdènà tirẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn.

Ìkẹfà kò gba àkókò. Nípa bí kernel ṣe ń pe ẹ̀rọ mìíràn, bíi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, memory-barriers.txt fi àpẹẹrẹ kọ́ni pé kí a fi ìdènà wmb() síwájú àṣẹ writel(), nígbà tó jẹ́ pé writel() ti ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú. Ní 2018 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ìdènà kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ mmiowb(), tí àlàyé rẹ̀ dojú rú débi pé àwọn tó ń kọ dráífà ń fi í síbi tí kò yẹ, wọ́n ń yọ ọ́ níbi tó yẹ. Ní 2019, Will Deacon kó o kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá, ó tì í wọ inú ṣíṣí àgádágodo fún ẹ̀rọ tó bá nílò rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni olùjẹ́jọ́ kejì, memory-barriers.txt, rí sọ? Ó ní òun ti kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé òun kì í ṣe òfin, pé òun kò pé, pé àìpé kan jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe nítorí kí òun má gùn jù, èkejì sì jẹ́ nítorí pé ọmọ ènìyàn ló kọ òun. Mo gbà. Ó tún ní ilẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, òótọ́ sì ni: nǹkan bí 2017 ni ARM fúnra rẹ̀ yí òfin ARMv8 padà, ó wá ṣèlérí pé bí ohun tí prósẹ́sọ̀ kan kọ bá ti hàn sí ẹlòmíràn kan, ó ti hàn sí gbogbo wọn nìyẹn. Ìwé tó tọ́ lánàá lè di ìwé tó ṣàṣejù lónìí. Ó ní àwọn kan fara balẹ̀ tú òun sí èdè Korea, tí ó sì wà nínú kernel láti 2016. Ìyẹn dùn mọ́ mi, mo sì jowú: ẹni tó bá ń tú ìwé sí èdè mìíràn kò lè fi ojú fo gbólóhùn tí kò yé e. Kò tíì sí ti Yorùbá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé "èmi kì í ṣe òfin" kò gbà á sílẹ̀ nígbà tí kò sí òfin mìíràn. Títí di 2018, kò sí. Ọdún náà ni àwòṣe mẹ́mórì Linux wọlé sínú kernel, iṣẹ́ Jade Alglave, Luc Maranget, Paul McKenney, Andrea Parri àti Alan Stern, tí wọ́n fún ìwé ìwádìí wọn lórí rẹ̀ ní àkọlé pé ó ń dẹ́rù ba ọmọdé, ó sì ń da àgbà láàmú. Wọ́n kọ òfin náà ní èdè tí ètò kan tó ń jẹ́ herd lè kà. O kọ àpẹẹrẹ rẹ ní ìlà mẹ́wàá tàbí méjìlá, o béèrè bóyá ohun kan lè ṣẹlẹ̀, á sì yẹ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà wáyé wò. Kò ní fi apá ọ̀tún dá ẹjọ́ fún ọ, kó fi òsì dá a fún ọ̀tá rẹ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kò pọ̀. Ẹ má sun ìwé náà. Ẹ pàṣẹ pé kí gbólóhùn kankan má wọ inú rẹ̀ mọ́ nípa ìtẹ̀léra àyàfi bí àpẹẹrẹ tí herd lè kà bá tẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá yí òfin padà lọ́la lè rí gbogbo gbólóhùn tó ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Fún ẹ̀rí, mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá onísọ̀ ti Gbági fún un: ẹnìkan kọ ẹrù, ó kọ pátákó, ẹlòmíràn ka pátákó, ó ka ẹrù. Mo béèrè bóyá oníbàárà lè rí pátákó tuntun kó sì bá aṣọ àná. Ọ̀nà mẹ́rin ló rí tí ọjà lè gbà parí, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti aṣọ àná. Ó dáhùn pé "Sometimes 1 3": nígbà mìíràn, ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi ìdènà smp_store_release() sí ọ̀dọ̀ ìyá níbi pátákó, mo fi smp_load_acquire() sí ojú oníbàárà, mo tún béèrè. "Never 0 3".